Ihò Kẹta

Fíríìjì ilé wa ń bunijẹ.
Mi ò sọ àsọdùn.
Bí o bá wẹsẹ̀ tán tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì tutù,
tí o wá fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti mú omi,
á gbọ̀n ọ́ dé ìgúnpá.
Àwa ọmọ ilé ti mọ̀ ọ́n: bàtà rọ́bà méjì
ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ti fíríìjì ni.
Àlejò ni kò mọ̀. Bó bá ké, a ó ní,
"Ẹ ní sùúrù fún un, ara rẹ̀ ló gbóná."

Ilé bàbá àgbà ni, l'Ókèlele,
ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò lójú.
Wáyà inú rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi,
méjì péré: ọ̀kan ń gbé iná bọ̀,
ọ̀kan ń gbé e padà.
Ihò méjì lára ògiri, bí imú ẹni tó sùn.
Ìgbà tó yá ni Sùbérù oníná dé.
Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i,
funfun, ó ń dán, oníhò mẹ́ta.
Ó gbowó, ó lọ.
Fíríìjì kò yéé bunijẹ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ó gbé Ràfátù ṣánlẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́fà. Yìnyín ló fẹ́ mú.

Múìná ni a pè, ọmọ Àlùfáà Jìbírílù,
òun tó kọ́ṣẹ́ iná ní Pólì.
Màmá Àgbà ní, "Mú-iná ni wọ́n sọ ọ́,
iná náà ló sì wá mú."
Múìná rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.
Ó pa mẹ́ìnì, ó fi tẹ́sítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí iná kì í dágbére bó bá ń lọ.
Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní ká wá wò ó.
Ihò kẹta kò di nǹkan kan mú.
Kò sí wáyà lẹ́yìn rẹ̀. Eruku,
òwú aláǹtakùn, òkú aáyán kan.
"Ẹ wo irọ́," ó ní.
"Ihò méjì tó sọ òtítọ́ sàn ju èyí lọ.
Ẹni tó bá rí mẹ́ta á rò pé ilẹ̀ wà lẹ́yìn òun."

Ẹ̀yìnkùlé la gbẹ́, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí,
ibi tí ilẹ̀ kì í gbẹ dénú bó ti wù kí ọyẹ́ le tó.
Ọkọ́ kò tíì wọlẹ̀ dáadáa tó fi kan àpáàdì.
Àpáàdì, àpáàdì, ọrùn orù, ìdí ìṣaasùn,
gbogbo èyí tó bẹ́ sínú iná
nígbà tí ìyá Màmá Àgbà ń sun ìkòkò.
Màmá mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò nù ún.
"Ìlà ọwọ́ ìyá mi rèé."
A dúró. Múìná náà dúró, òòlù lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló gbá irin wọlẹ̀,
irin gígùn tí wọ́n fi bàbà bò,
títí orí rẹ̀ fi kù bí ìka.
Èédú, iyọ̀, omi.
Ó fa wáyà aláwọ̀ ewé láti ibẹ̀ dé bóọ̀dù,
láti bóọ̀dù dé ihò kẹta kọ̀ọ̀kan.
Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ eruku ògiri mọ́ ẹ̀kọ.
Ó fi bírékà kan sí i tó ń já fúnra rẹ̀
kí èèyàn tó ráyè ké.
Owó tán ní yàrá kejì.
Ó fi téèpù dúdú di sọ́kẹ́ẹ̀tì Bọ̀ọ̀dá Ṣéú,
ó ní kẹ́nikẹ́ni má fi áyọ́ọ̀nù sí i.
Téèpù náà ṣì wà níbẹ̀.

"Kí ni irin yẹn ń ṣe gan-an?" Màmá bi í.
"Iná tó bá ṣìnà, Màmá,
ilẹ̀ ni yóò gbà á kí ara ọmọ tó gbà á."

Ràfátù fẹsẹ̀ lásán ṣí fíríìjì. A di èémí mú.
Ó mú yìnyín, ó ń rún un lẹ́nu wò wá.

Síbẹ̀, Màmá kò bọ́ bàtà rọ́bà.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá ṣe àlùwàlá Ìṣáì tán,
á bu omi tó kù sídìí irin.
Múìná ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀.
Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ síbẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀,
Múìná kọ́ ló kọ́ ọ.